Kí Ló Dé Tí Ìjàpá Fi Ṣe É? Ìtọ́sọ́nà fún Títú Ìwà Ẹ̀dá-Ìtàn Wò

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, èmi àti àwọn ọ̀dọ́ kan ń múra eré orí ìtàgé sílẹ̀ ní Ìbarà, níbí ní Abẹ́òkúta. Àlọ́ Ìjàpá àti àsèjẹ Yánníbo la mú. Ọmọkùnrin tó máa ṣe Ìjàpá bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, irú èèyàn wo gan-an ni Ìjàpá?" Mo dá a lóhùn kíá pé aláriwo ni, ẹlẹ́nu dídùn, ẹni tó fẹ́ràn àwùjọ. Ó gbà á bẹ́ẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ló ń pariwo. Nígbà tó dé ibi tí òórùn ọbẹ̀ ti yẹ kó máa fà á nímú, ọ̀rọ̀ ló ń sọ lọ, ó ń ju ọwọ́ sókè sódò bí ẹni tí kò gbóòórùn kankan. Ó dùn mí, nítorí ọmọ náà mọ iṣẹ́. Èmi ni mo fún un ní orúkọ láìfún un ní ìdí.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń tẹ̀lé ètò tí mo fẹ́ gbé kalẹ̀ síbí. Ó wúlò fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ àròkọ lórí ìfìwàwẹ̀dá, fún òǹkọ̀wé tí ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ kò fẹ́ dìde rìn, àti fún òṣèré. Ìṣe la fi ń bẹ̀rẹ̀, ìdí ìṣe la ń wá, irú ènìyàn ló máa ń kẹ́yìn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ mú irú ènìyàn, gbogbo ohun tó bá kà lẹ́yìn náà ló máa tẹ̀ sí ibi tó ti fẹ́ kó tẹ̀ sí.

Ibi tí ẹ̀kọ́ náà ti wá

Carl Jung, oníṣègùn ọpọlọ ará Switzerland, ló gbé ìwé rẹ̀ lórí irú ènìyàn jáde ní 1921. Ó ní àwọn kan wà tí ọkàn wọn máa ń yí sí ìta, sọ́dọ̀ èèyàn àti nǹkan; ó pè wọ́n ní extravert. Àwọn kan wà tí ọkàn wọn ń yí sí inú, sí èrò àti àwòrán inú ara wọn. Ìyẹn ni introvert. Ó wá ka ọ̀nà mẹ́rin tí ọkàn ń gbà ṣiṣẹ́: kí á fi ojú, etí, imú, ahọ́n àti ara mọ ohun tó wà níwájú wa, kí á fi inú rí ohun tí kò tíì hàn, kí á fi ìrònú dájọ́, kí á fi ohun tó ṣe iyebíye lọ́kàn wa dájọ́. Méjì lọ́nà mẹ́rin, ó di irú mẹ́jọ.

Ní Amẹ́ríkà, obìnrin kan, Katharine Briggs, ti ń ka ìtàn ìgbésí ayé oríṣiríṣi èèyàn kó lè mọ bí ìwà ṣe pín sí ọ̀nà. Ní 1923 ló rí ìwé Jung kà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ rẹ̀, Isabel Briggs Myers, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìbéèrè fún àwọn èèyàn láti dáhùn nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1962. Òun ni lẹ́tà mẹ́rin-mẹ́rin tí gbogbo èèyàn ń pè lónìí, tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dúró fún ìhà kan nínú ìwà, irú mẹ́rìndínlógún. Inú mi máa ń dùn sí i pé ìwé ìtàn ìgbésí ayé ni ìyá náà fi bẹ̀rẹ̀; nígbà tí àwa náà bá ń fi ẹ̀kọ́ yìí ka ìtàn, a ò fi bẹ́ẹ̀ ṣìnà.

Ọ̀pọ̀ onímọ̀ nípa ọkàn kò gba lẹ́tà mẹ́rin yìí gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n tó péye. Àárín ni púpọ̀ nínú èèyàn wà, lẹ́tà náà sì ń fi ipá tì wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹlòmíràn á dáhùn ìbéèrè náà lónìí, á tún un dáhùn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, lẹ́tà rẹ̀ á yí padà. Èmi kì í fi wọ́n èèyàn alààyè, mi ò sì ní fi yan òṣìṣẹ́ tàbí ọkọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀dá-ìtàn yàtọ̀. Kò lè dáhùn ìbéèrè, kò lè parọ́ fún wa nípa ara rẹ̀ ju ohun tó wà nínú ìtàn lọ. Ọ̀rọ̀ inú ìtàn nìkan ló wà lọ́wọ́ wa. Irinṣẹ́ ìbéèrè ni lẹ́tà mẹ́rin náà jẹ́ fún wa.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mú ìtàn kan ṣoṣo

Ẹ má sọ pé "Ìjàpá" lásán. Ìjàpá wo? Èyí tí màmá àgbà yín pa fún yín, àbí èyí tí ẹ kà níléèwé? Ìyá kan á pa á bí ọ̀lẹ, òmíràn á pa á bí ọlọ́gbọ́n. Ẹ mú ẹ̀dà kan, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹ ṣe gbọ́ ọ, kí ẹ sì dúró tì í. Ẹ lè fi àlọ́ mìíràn kín in lẹ́yìn tó bá yá.

Ẹ̀dà tèmi nìyí. Yánníbo kò bímọ. Ìjàpá lọ bá babaláwo, babaláwo se àsèjẹ, ó sì kìlọ̀ fún un pé kò gbọ́dọ̀ fẹnu kàn án. Lójú ọ̀nà, òórùn ọbẹ̀ mú un. Ó jẹ ẹ́ tán. Ikùn rẹ̀ wú. Ó padà sọ́dọ̀ babaláwo pẹ̀lú orin tí gbogbo wa mọ̀, ó ń di ẹ̀bi ru gbòǹgbò tó gbé e ṣubú lọ́nà.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ ka ìṣe rẹ̀ sílẹ̀, láìfi orúkọ ìwà kan sí i

Ẹ fa ìlà sí ìwé kó di ọ̀wọ́ mẹ́ta: ohun tó ṣe, ohun tó ná an, ohun tí ì bá ti ṣe àmọ́ tí kò ṣe. Ọ̀wọ́ kẹta yìí ni àwọn èèyàn máa ń fò, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ìwà máa ń farapamọ́ sí. Ìjàpá ì bá ti rán ẹlòmíràn gbé ọbẹ̀ náà. Ì bá ti fi ewé bo imú. Ì bá ti sáré. Kò ṣe ọ̀kankan.

Ẹ má kọ "olójúkòkòrò" síbẹ̀. Ẹ kọ "ó jẹ ohun tí wọ́n ní kó má jẹ, ó sì jẹ ẹ́ tán, kò ṣẹ́ díẹ̀ kù." Ìdájọ́ ni olójúkòkòrò, ẹ̀rí sì ni a ń wá.

Ẹ̀rí kò wúwo bákan náà. Ohun tí ẹ̀dá-ìtàn ṣe nígbà tí kò rò pé ẹnikẹ́ni ń wo òun ló wúwo jù. Ohun tó ṣe lójú gbogbo ayé tẹ̀lé e. Ohun tí àwọn ẹlòmíràn sọ nípa rẹ̀ wá lẹ́yìn, nítorí ọ̀tá àti ọ̀rẹ́ ni wọ́n. Ohun tó sọ nípa ara rẹ̀ ló fúyẹ́ jù. Ẹ ṣọ́ra fún orúkọ pẹ̀lú. Nínú ìwé ìtàn ọdẹ tí D.O. Fágúnwà gbé jáde ní 1938, Ìmọ̀dòye àti Olóhùn-iyọ̀ ti gbé ìwà wọn sórí orúkọ. Ẹ máa fi ayọ̀ kà á, àmọ́ ẹ bi ara yín bóyá ìṣe wọn kọjá orúkọ náà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Fún ìṣe kọ̀ọ̀kan, ẹ wá ìdí mẹ́ta

Ibí ni iṣẹ́ wà, ẹ má kánjú.

Amos Tutùọlá, ọmọ Abẹ́òkúta tí wọ́n bí ní 1920, gbé The Palm-Wine Drinkard jáde ní 1952. Akọni ìwé náà ń mu ẹmu láti ọmọ ọdún mẹ́wàá. Bàbá rẹ̀ gba adẹ́mu fún un. Lọ́jọ́ kan, adẹ́mu jábọ́ láti orí ọ̀pẹ, ó kú. Akọni dìde, ó ní òun á wá a lọ sí ibikíbi tí òkú ń gbé. Tí ẹ bá kọ ìṣe yìí nìkan, ẹ lè sọ pé ìfẹ́ tó ní sí adẹ́mu ló gbé e dìde, pé ọkàn rẹ̀ ló ń darí rẹ̀. Ẹ wá ìdí kejì: bóyá ìgbéraga ni, ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní bàbá àwọn òrìṣà kò fẹ́ kí ikú gba nǹkan lọ́wọ́ òun. Ẹ wá ìdí kẹta: láti ìgbà tí kò ti sí ẹmu, àwọn ọ̀rẹ́ tó máa ń kún ilé rẹ̀ kò wá mọ́. Nínú ìdí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìkẹta ni ìtàn náà sọ jáde kedere. Ìrìn-àjò tó dà bí ti ọ̀fọ̀ wá di ti ẹni tí ilé rẹ̀ dákẹ́ tí kò sì lè gbé inú ìdákẹ́jẹ́ náà. Ìwà mìíràn pátápátá nìyẹn, lẹ́tà rẹ̀ á sì yàtọ̀.

Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún Ìjàpá. Kí ló dé tó jẹ ọbẹ̀? Ebi? Tàbí ó fẹ́ mọ bóyá òótọ́ ni babaláwo sọ? Tàbí kò fẹ́ kí Yánníbo bímọ? Ìdí kejì jẹ́ ti ẹni tó ń dán èrò wò, ìkẹta jẹ́ ti ẹni tó ń gbèrò ibi. Nínú ẹ̀dà tèmi, kò sí ẹ̀rí fún méjèèjì. Òórùn ni wọ́n sọ. Mo mú òórùn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ mú lẹ́tà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú S (fífi ojú, etí, imú, ahọ́n àti ara mọ ohun tó wà níwájú) àti N (fífi inú rí ohun tí kò tíì hàn), nítorí ó ṣòro ju ìyókù lọ. Ẹ lọ sí ọjà aládìrẹ ní Ìtòkú láàárọ̀. Oníbàárà kan á gbé aṣọ, á fi àtàǹpàkò rà á, á gbóòórùn aró lára rẹ̀, á yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò bóyá aró wọnú dáadáa, kí wọ́n má baà ta kàǹpálà fún un. Oníbàárà kejì kò tíì fọwọ́ kàn án tó fi ń sọ pé, "Èyí á dára fún ìgbéyàwó àbúrò mi, kí àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó dá a, kí ẹbí ọkọ mú èyí tó pọ́n." Ojú ti àkọ́kọ́ wà lára aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀: S. Ti èkejì ti lọ sí ibi tí aṣọ kò tíì dé: N. Kò sí ẹni tó gbọ́n ju ẹnì kejì lọ nínú wọn. Àwọn èèyàn máa ń fún gbogbo ọlọ́gbọ́n ní N, àṣìṣe ni.

Ìjàpá ń kọ́? Òórùn, ahọ́n, ikùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni nínú àlọ́ tó ti jí ẹ̀bẹ gbígbóná nílé àna rẹ̀, tó dà á sínú fìlà, tí orí rẹ̀ fi bó. S ni mo fún un.

T (fífi ìrònú dájọ́) àti F (fífi ohun tó ṣe iyebíye lọ́kàn dájọ́) tẹ̀lé e. T ń béèrè pé, ṣé ó bára mu, ṣé ó máa ṣiṣẹ́? F ń béèrè pé, ta ni ó kàn, kí ló tọ́ lọ́kàn mi? Ẹ jọ̀wọ́, F kì í ṣe orúkọ mìíràn fún oore, T kì í sì í ṣe ìkà. Ìyá tó fi májèlé sínú oúnjẹ orogún rẹ̀ nítorí ìfẹ́ ọmọ rẹ̀ lè jẹ́ F láti orí dé ẹsẹ̀. Dókítà tó jókòó ti aláìsàn mọ́jú lè jẹ́ T. Ìjàpá kò kórìíra Yánníbo. Ohun tí kò ṣe nínú ọ̀wọ́ kẹta ni pé kò béèrè nígbà kankan bóyá Yánníbo máa sunkún. Ohun tó ń béèrè ni bí òun ṣe máa bọ́. T.

E (extravert) àti I (introvert): ẹ má wo ariwo, níbẹ̀ ni mo ti ṣì í. Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ iléèwé bá ti Olúmọ sọ̀ kalẹ̀, ẹ wo ẹni tó dúró nísàlẹ̀ tó tún ń wá ẹni bá sọ̀rọ̀, ẹ wo ẹni tó ti wọ bọ́ọ̀sì lọ jókòó sẹ́bàá fèrèsé. Àwọn méjèèjì lè ti rẹ́rìn-ín bákan náà lókè àpáta. Níbo ni agbára wọn ti ń padà bọ̀? Ìjàpá kì í gbé ìṣòro pamọ́ sínú. Kíkorò tàbí dídùn, ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ló ń gbé e lọ. E.

J tàbí P ni lẹ́tà tó kẹ́yìn: J ń fẹ́ kí ọ̀rọ̀ parí, P ń fẹ́ kí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ díẹ̀. Kò sí àlọ́ tí Ìjàpá kò ti wá ọ̀nà mìíràn gbà. P.

Ó di ESTP. Ẹ má tíì yọ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ wá ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó

Ní ìlànà Jung, agbára ọkàn kan ló máa ń ṣíwájú, èyí tó dojú kọ ọ́ sì máa ń wà nísàlẹ̀, tí a kì í lò dáadáa. Ẹni tó fi ohun ojú àti ahọ́n ṣíwájú, ohun tó máa ṣaláìní jù ni fífi inú rí ìgbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Nígbà tí wàhálà bá dé, ibẹ̀ ló máa ń já sí. Ọ̀nà tó dára jù láti dán lẹ́tà wò nìyí, nítorí lẹ́tà tó bá tọ̀nà gbọ́dọ̀ sọ fún wa irú àṣìṣe tí ẹ̀dá náà máa ṣe, kí a tó rí i.

Ẹ gbé àlọ́ akèrègbè wá. Ìjàpá kó gbogbo ọgbọ́n ayé sínú akèrègbè, ó fẹ́ fi kọ́ sórí igi. Ó gbé e kọ́ sí ikùn, kò lè gùn. Ẹnì kan tó ń kọjá ní kó gbé e sẹ́yìn. Nígbà tó rí i pé ọgbọ́n ṣì kù níta, ó fi ìbínú fọ́ akèrègbè náà. Ẹ wo ẹni tó gbà pé ọgbọ́n jẹ́ ohun tí a lè dì, tí a lè fi okùn so, tí a lè gbé kọ́. Ojú rẹ̀ wà lára ohun tí ọwọ́ lè bà. Ohun tó sì pa á lára ni pé kò rí ju ìgbésẹ̀ kan lọ níwájú. Ọ̀rọ̀ àsèjẹ náà bẹ́ẹ̀: babaláwo ti sọ ìgbẹ̀yìn fún un, etí rẹ̀ gbọ́, inú rẹ̀ kò rí i. Nígbà tí ikùn wú ni ẹ̀rù ọjọ́ iwájú bà á fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan bá yín jiyàn

Ẹ wá ẹni tó ka ìtàn náà, kí ẹ ní kó gbèjà lẹ́tà mìíràn. Ọmọbìnrin kan nínú ẹgbẹ́ wa gbèjà ENTP. Ó gbé Ìjàpá àti Erin kalẹ̀: wọ́n gbẹ́ kòtò, wọ́n tẹ́ ẹní lé e, Ìjàpá lọ fi adé tan Erin wá sílé. Ó ní ẹni tí kò rí ọ̀la kò lè pète báyìí. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ lágbára. Òun ni ẹ̀rí tó le jù tí mo rí lòdì sí tèmi.

Mo padà sínú àlọ́ náà. Kí ni Ìjàpá kọ́kọ́ ṣe? Ó fún Erin ní àkàrà olóyin. Ó jẹ́ kó tọ́ ọ wò kó tó dárúkọ oyè. Ẹni tí ahọ́n ń darí ló mọ̀ pé ahọ́n lè darí ẹlòmíràn. Mo ṣì mú S, àmọ́ mo kọ àríyànjiyàn náà sínú ìwé mi, mo sì kọ ohun tó lè yí mi lọ́kàn padà sí abẹ́ rẹ̀: àlọ́ kan ṣoṣo tí Ìjàpá ti mọ̀ọ́mọ̀ fi oúnjẹ tó wà níwájú rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ohun tó ń bọ̀. Mi ò tíì rí i. Tí ẹ kò bá lè kọ irú gbólóhùn yẹn nípa lẹ́tà tí ẹ mú, ẹ kò tíì tú ẹ̀dá náà wò. Ẹ fẹ́ràn lẹ́tà náà ni.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ sọ lẹ́tà di ara àti ọwọ́

Lẹ́tà kò wúlò fún òṣèré. Ẹ yí i padà sí ohun tó ṣeé ṣe. Fún akẹ́kọ̀ọ́, gbólóhùn kan tó ní "nítorí pé" nínú, pẹ̀lú ìṣe mẹ́ta tó jẹ́rìí sí i, ti tó. Fún òǹkọ̀wé, ẹ kọ ìran kan tí kò sí nínú ìtàn, kí ẹ wo bóyá ẹ mọ ohun tí ẹ̀dá náà máa ṣe níbẹ̀.

Fún ọmọkùnrin wa, mo pa gbogbo ohun tí mo ti sọ rẹ́. Mo ní, "Má pariwo. Imú rẹ ló ń gbé ọ rìn. Ohun tí imú rẹ kò bá gbọ́, kò tíì ṣẹlẹ̀ lójú rẹ." A gbé ìkòkò ọbẹ̀ tòótọ́ wá, ẹ̀gúsí tí ọ̀kan nínú àwọn ìyá ṣe, ó ṣì ń gbóná. Ó gbé e sórí, ó rìn díẹ̀. Ó dúró. Kò sọ̀rọ̀. Ó sọ ìkòkò kalẹ̀, ó jìnnà sí i ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta, ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó wá ń yí orí padà díẹ̀díẹ̀, imú ló ṣáájú ojú. Nínú yàrá yẹn ní Ìbarà, òjò ń lu páánù, kò sí ẹni tó mira. Nígbà tó tẹ ìka bọ inú ọbẹ̀, ọmọ kékeré kan tó tẹ̀lé ìyá rẹ̀ wá ké láti ẹ̀yìn pé, "Má jẹ ẹ́!"